Orí Kẹfà: Tẹlifíṣọ̀n OLED Lórí Tábìlì Iṣẹ́

Nínú gbogbo aṣọ òfì, ẹtù ló máa ń tètè tú àṣírí kọ̀ǹpútà. Aró ni wọ́n fi ń rẹ òwú rẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ ẹ́ lárẹ̀túnrẹ̀ títí yóò fi dúdú débi pé ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò ní mọ̀ pé aró ni. Ìlà funfun tín-ín-rín ló máa ń la dúdú náà kọjá. Ayàwòrán tó bá ya ìyàwó tó wọ ẹtù ní Ọ̀yọ́, tó wá gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ láti tún un ṣe, á rí i pé aṣọ tó wà níwájú òun ti di eérú. Ó lè máa fa ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà wálẹ̀ títí. Dúdú náà kò ní dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà funfun nìkan ni yóò máa kú. Kámẹ́rà kò jẹ̀bi níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ tó ń wò ló ń parọ́ fún un.

Ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́nítọ̀ tó wà lórí tábìlì wa, irú LCD ni. Iná kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó máa ń tàn láti ìgbà tí a bá ti tan mọ́nítọ̀ náà títí a ó fi pa á. Níwájú iná yìí ni èròjà kan wà tó ń ṣe bí omi, tó tún ń ṣe bí kirisitálì. Bí agbára iná mànàmáná bá ti kàn án, á yí ara padà, á sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tàbí kí ó dí i lọ́nà. Àmọ́ dídí náà kì í dí tán. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á ṣì máa yọ́ jáde, ohun tó yẹ kó dúdú á sì di eérú. Nínú irú LCD tí wọ́n ń pè ní IPS, ibi tó funfun jù lójú mọ́nítọ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000 mọ́lẹ̀ ju ibi tó dúdú jù lọ. Irú kejì tí wọ́n ń pè ní VA sàn jù ú lọ, ó ń tó ìlọ́po 3,000, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà.

OLED kò ní iná kankan lẹ́yìn. Àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, àwọn tí à ń pè ní píksẹ́lì, ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn. Ẹ fojú inú wo ọjà alẹ́ ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ nígbà tí iná ìjọba kò tíì dé: olúkúlùkù ìyálọ́jà ló gbé fìtílà tirẹ̀ síwájú igbá. Ẹni tó bá ti ta ọjà tán á fẹ́ tirẹ̀ pa, iwájú rẹ̀ á ṣókùnkùn biribiri, fìtílà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dín kù. Bí OLED ṣe ń ṣe dúdú nìyẹn. Bí àwòrán bá ní kí ibì kan dúdú, píksẹ́lì ibẹ̀ á kú pátápátá, ẹtù á sì jẹ́ ẹtù.

Ọdún 1987 ni Ching Tang àti Steven Van Slyke, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé tó fi hàn pé èròjà tó ní kábọ́nù nínú, tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ bí awọ tó fẹ́lẹ́ gan-an, lè tan ìmọ́lẹ̀ tó dára bí a bá fi iná díẹ̀ kàn án. Ó tó ogún ọdún kí iṣẹ́ náà tó di tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn lè rà. Sony gbé XEL-1 jáde ní 2007. Íńṣì 11 péré ni ojú rẹ̀, nǹkan bí 2,500 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ní 2013, LG bẹ̀rẹ̀ sí í ta oníńṣì 55. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí OLED ti wà lápò yín tipẹ́, torí òun náà ni wọ́n ń pè ní AMOLED lára fóònù Samsung àti lára àwọn kan nínú Tecno àti Infinix. Ẹ gbé àwòrán dúdú kan sórí fóònù yín nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ojú fóònù parí sí àti ibi tí òkùnkùn yàrá ti bẹ̀rẹ̀, OLED ni.

Ẹni tó bá fẹ́ dúdú tòótọ́ lórí tábìlì kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan gidi rà fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó ń ṣe mọ́nítọ̀ géèmù gbìyànjú láti fi ọgbọ́n bo àléébù LCD. Ní 2018, Asus gbé PG27UQ jáde. Oníńṣì 27 ni, àwòrán 4K ni, ó sì lè yí àwòrán padà nígbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n pín iná ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀nà 384 kí wọ́n lè máa pa èyí tí wọ́n bá fẹ́ nínú wọn. Iye rẹ̀ jẹ́ 1,999 dọ́là. Ó dára lóòótọ́, àmọ́ píksẹ́lì tó wà lójú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 8 lọ, iná 384 sì ni gbogbo wọn jọ ń pín. Bí ìràwọ̀ kan bá yọ ní ojú ọ̀run tó dúdú, ìkùukùu funfun á yí i ká. Lówó kan náà, èèyàn lè ra tẹlifíṣọ̀n OLED tó tóbi ní ìlọ́po méjì, tí kò sì ní ìkùukùu kankan. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí mọ́nítọ̀ fi wọ́n ju tẹlifíṣọ̀n tó dára jù ú lọ?

Ìdáhùn wà nídìí bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n. Orí gíláàsì ràgàjì kan, tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.2, ni LG ti ń ṣe ojú OLED, kí wọ́n tó gé e sí wẹ́wẹ́. Àìmọye èèyàn ló ń ra tẹlifíṣọ̀n kárí ayé, nítorí náà owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ ń tètè padà. Àwọn tó ń wá mọ́nítọ̀ géèmù olówó gọbọi kò pọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń di gbogbo ìnáwó lé lórí. Nígbà tí LG wá mú OLED oníńṣì 48 jáde ní 2020, tí oníńṣì 42 tẹ̀ lé e ní 2022, tẹlifíṣọ̀n ti kéré tó ohun tí tábìlì lè gbà. Oníńṣì 42 yẹn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C2, bẹ̀rẹ̀ ní 1,399 dọ́là, kò sì pẹ́ tó fi wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 900. Ní ìdíwọ̀n náírà 1,500 sí dọ́là kan, 900 dọ́là jẹ́ 1,350,000 náírà, èyí tó ju owó oṣù mọ́kàndínlógún lọ fún ẹni tó ń gba 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024. Kí ẹ tó ná irú owó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Fífi tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ́nítọ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ní Under G àti àdúgbò yòókù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń gbé, bí ojú láptọ́ọ̀pù bá fọ́, tí owó àtiyí i padà kò sí, okùn HDMI ni wọ́n á wá, wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n oníńṣì 32, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé lẹ́tà inú rẹ̀ máa ń rí págunpàgun. Púpọ̀ nínú àwọn oníńṣì 32 tó pọ̀ lọ́jà, píksẹ́lì 1366 ló wà ní ìbú wọn, 768 ní òró. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, íńṣì kan kò ní ju píksẹ́lì 49 lọ. Mọ́nítọ̀ oníńṣì 24 tó jẹ́ Full HD ní 92 nínú íńṣì kan, oníńṣì 27 tó jẹ́ 1440p ní 109, OLED oníńṣì 42 tó jẹ́ 4K ní 105. Oníńṣì 55 tó jẹ́ 4K padà sí 80. Ìyẹn ni pé nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n OLED wọ̀nyí, oníńṣì 42 ló sún mọ́ mọ́nítọ̀ oníńṣì 27 yẹn jù. Bí ẹ bá ti kọjá 48, ẹ ti ń padà sí ibi tí lẹ́tà ti ń rí págunpàgun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń kọ Yorùbá ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àmì ohùn wà lórí, àmì kan tún wà lábẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni méjèèjì sì jọ gùn. Lójú tẹlifíṣọ̀n tí píksẹ́lì rẹ̀ fọ́nká, àmì ìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, àmì òkè sì lè di ẹ̀gbin lásán, tí ẹni tó ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ kò ní mọ èyí tó tọ̀nà sí èyí tó ṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá á jẹ̀gbádùn mọ́nítọ̀ oníńṣì 24 tòkunbọ̀ ju tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n so mọ́ ògiri lọ.

OLED tún ní wàhálà tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Windows gbà pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní pupa, àwọ̀ ewé àti aró tó tò tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ìtò yẹn tún etí lẹ́tà ṣe kó lè dán. OLED tí LG ń ṣe fi funfun kún un, ó di mẹ́rin, ìtò rẹ̀ sì yàtọ̀. Ti Samsung tí wọ́n ń pè ní QD-OLED kò tilẹ̀ tò ní ìlà. Ó tò bí igun mẹ́ta. Ní àbájáde, etí lẹ́tà dúdú lórí funfun máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí ti ewé díẹ̀. Ẹni tó jókòó jìnnà kò ní rí i. Ẹni tó ń ka kóòdù tàbí ìwé láti àárọ̀ dalẹ́ á rí i, lẹ́yìn tó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní dákẹ́ rírí i.

Ohun mìíràn tó ń ba lẹ́tà jẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ni pé tẹlifíṣọ̀n gbà pé fíìmù la fẹ́ wò. Ó ń dín àwọ̀ kù kí àwòrán lè fúyẹ́, ó ń pọ́n etí nǹkan, ó ń dá àwòrán tí kò sí níbẹ̀ sáàárín àwòrán méjì kí ìrìn lè yọ̀. Ẹ wá orúkọ HDMI náà nínú ètò tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ yí i padà sí PC. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó dára, ìyàtọ̀ á hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wo láptọ́ọ̀pù yín náà. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó wà níta kò ní ju HDMI 1.4 lọ, ìyẹn kò sì lè gbé 4K ju ìgbà 30 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ó rí i tí ọfà kọ̀ǹpútà ń wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ yín bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ lè ná mílíọ̀nù kan lórí OLED, kí láptọ́ọ̀pù 150,000 náírà sì sọ ọ́ di ẹrù.

Ní ti géèmù, OLED kò ní orogún. Mọ́nítọ̀ 60 Hz ń yí àwòrán padà lẹ́ẹ̀kan láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdì 16.7, 120 Hz ń ṣe é láàárín 8.3, 240 Hz láàárín 4.2. Kirisitálì inú LCD máa ń gba mìlísẹ́kọ́ǹdì mélòó kan kó tó yí padà tán, òjìji àwòrán àtijọ́ á sì máa tẹ̀lé tuntun. Píksẹ́lì OLED ń yí padà láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlísẹ́kọ́ǹdì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí bọ́ọ̀lù tó ń sáré lórí OLED 120 Hz fi máa ń hàn ketekete bí orí LCD tó yára jù ú lọ. Àbùkù tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni ìfàsẹ́yìn: ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹlẹ́sẹ̀ ayò yín kò gbá bọ́ọ̀lù títí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá fi kọjá. LG C2 tí wọ́n bá fi sí ipò géèmù, ìdádúró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdì 10 ní 60 Hz, nǹkan bí 5 ní 120. PS5, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, lè lo 120 yẹn. PS4 kò lè kọjá 60, nítorí náà owó tí ẹni tó ṣì ń lo PS4 bá san nítorí 120 á ṣòfò ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, mi ò bá ní kí ẹ ta ewúrẹ́ kí ẹ fi ra OLED.

Èròjà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú OLED ń gbó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i, bí ara rẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń gbó sí i, aró sì ni ó ń tètè gbó jù nínú àwọn àwọ̀. Gbígbó lásán kò burú, nítorí bí gbogbo ojú bá gbó dọ́gba, èèyàn kò ní mọ̀. Ìgbà tí apá kan bá gbó ju apá kejì lọ ni àpá máa ń wà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní igun kan láti àárọ̀ dalẹ́, ìlà èsì bọ́ọ̀lù, ìlà ìsàlẹ̀ Windows tí kì í kúrò: gbogbo wọn ń lo píksẹ́lì kan náà ní wákàtí kan náà. Ní 2018, RTINGS, àwọn tó ń dán ẹ̀rọ wò ní Kánádà, tan tẹlifíṣọ̀n OLED mẹ́fà ti LG fún wákàtí 20 lójoojúmọ́. Àwọn tí wọ́n fi ìkànnì ìròyìn CNN sí lọ́jọ́ gbogbo gba àpá tó hàn kedere. Tábìlì kọ̀ǹpútà sì jọ CNN ju bó ṣe jọ fíìmù lọ.

Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìtọ́jú sínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà máa ń sún àwòrán díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù bí àwòrán kò bá yí padà fún ìgbà díẹ̀, èyí tó máa ń mú kí ẹni tó ń kọ̀wé rò pé ojú òun ló ń ṣú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ kì í ṣẹlẹ̀ lójú yín rárá. Lórí OLED ti LG, bí àpapọ̀ wákàtí tí ẹ ti lò ó bá ti pé mẹ́rin, tí ẹ sì fi rìmóòtù pa á, ojú rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì sùn. Á máa wọn píksẹ́lì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á mọ èyí tó ti rẹ̀, á sì tún iná tí yóò máa fún un ṣe, kí gbogbo wọn lè padà dọ́gba. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Iná gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn.

Ibí yìí ni ìwé ìléwọ́ tí wọ́n kọ ní Kòríà kò ti mọ Ogbómọ̀ṣọ́. Ní ilé wa, iná ló ń pa tẹlifíṣọ̀n ju rìmóòtù lọ. Ẹ ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ, ojú gbogbo ẹ̀rọ kú lójijì, ìtọ́jú tí wákàtí márùn-ún ti jẹ ní gbèsè kò sì ṣẹlẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ni ẹ fi ń wò ó, ẹ ó pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ohun kan náà ni. Ẹni tó wá gbọ́n jù nínú wa, tí àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún pé kó máa yọ gbogbo nǹkan lára ògiri kó tó sùn nítorí pé iná lè padà dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, òun gan-an ló ń fi ìṣọ́ra dù OLED rẹ̀ ní ìtọ́jú lálaalẹ́. Ìkìlọ̀ àwọn àgbà kò sì ṣì. Iná tó ga ti ba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ogbómọ̀ṣọ́. Bí ìtọ́jú náà kò bá wáyé lálẹ́ ọjọ́ kan, kò burú. Bí oṣù bá ń gorí oṣù láìwáyé, àpá tó yẹ kó gba ọdún púpọ̀ kó tó yọ á yára dé.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra OLED dáhùn ni: báwo ni iná yín? Àjọ tó ń ṣe kòkárí iná ní Nàìjíríà pín àwọn oníbàárà sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Ọ̀wọ́ A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ilé-iṣẹ́ IBEDC ló ń pín iná fún wa, àdúgbò méjì tó jọ wà nínú ìlú kan náà sì lè wà ní ọ̀wọ́ tó jìnnà síra. Ẹni tó wà ní D tàbí E tí kò ní inverter, mo ní kó má ra OLED. Ẹni tó ní inverter tàbí UPS tó dára lè rà á, bó bá ṣe pé inverter náà kì í kú kí tẹlifíṣọ̀n tó parí ìtọ́jú rẹ̀. Bí OLED bá ti wọ oorun tán, agbára tó ń lò kì í tó wáàtì kan, bátìrì kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí kò bá tíì sùn, bátìrì á mọ̀. OLED oníńṣì 42 lè lo nǹkan bí 100 wáàtì bí ojú ìwé funfun bá gba gbogbo rẹ̀. Mọ́nítọ̀ LCD oníńṣì 27 lásán ń lo nǹkan bí 30. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná ọ̀wọ́ A sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí mẹ́jọ lórí OLED yẹn jẹ́ 180 náírà lójúmọ́, ti mọ́nítọ̀ jẹ́ 54. Ìyẹn kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa sunkún lé lórí. Ti bátìrì ni kí ẹ sunkún sí. Bátìrì 12 V, 200 Ah, tí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni ẹ lè lò, tí inverter bá sì ti jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ohun tó kù á jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí kan. Mọ́nítọ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tó ń lo 40 wáàtì á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 14 lórí rẹ̀. OLED pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù kan náà á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 7. Bí ẹ bá yí ojú kọ̀ǹpútà sí dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun, OLED á dín oúnjẹ rẹ̀ kù gan-an. LCD kò ní dín kù, nítorí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń jó.

Ọ̀sán tún jẹ́ ọ̀tá OLED. Ojú ìwé funfun tó kún ojú OLED oníńṣì 42 kì í mọ́lẹ̀ tó 200 nínú ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nit, nígbà tí mọ́nítọ̀ LCD lásán lè fún yín ní 300. Ojú tẹlifíṣọ̀n náà ń dán bíi dígí, fèrèsé tó wà lẹ́yìn yín á sì wà nínú gbogbo nǹkan tí ẹ bá ń wò. Ooru wà níbẹ̀ pẹ̀lú: 40°C ni òpin ìgbóná yàrá tí wọ́n sábà máa ń kọ sórí ìwé irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, yàrá onípáànù tí kò ní àjà ní oṣù kẹta kò sì jìnnà síbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bọpo bọyọ̀. Mọ́nítọ̀ géèmù LCD olówó ńlá, èyí tó ń lọ sí 1,000 dọ́là sókè, kò ní ẹni tó yẹ ẹ́ mọ́ níhìn-ín. Dúdú rẹ̀ kò tó ti OLED, iṣẹ́ tó sì lè ṣe fún òǹkọ̀wé tàbí ẹni tó ń kọ kóòdù, mọ́nítọ̀ IPS oníńṣì 24 tàbí 27 tí owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún á ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó ra èyí, kó fi owó tó kù ra bátìrì. Ẹni tó ní ilé géèmù, tí ìlà èsì kan náà ń jókòó ní igun òkè láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di alẹ́, tí àwọn ọmọ sì ń pa jẹnẹrétọ̀ nígbàkúgbà tí epo bá tán, kó má tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí OLED wà.

Ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, tó ní inverter, tí ẹtù àti àlààrí sì ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ni mo lè bá sọ ọ́. Kó gbé e sẹ́yìn tó ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, nítorí ìbú oníńṣì 42 jẹ́ 93 sẹ̀ǹtímítà, bí ó bá sì jókòó tì í, ọrùn rẹ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́ dípò ojú. Kó fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí nit 100 sí 120, ìwọ̀n tí àwọn tó ń tẹ fọ́tò ń lò. OLED á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, fọ́tò tó bá tẹ̀ jáde kò sì ní ṣókùnkùn ju ohun tó rí lọ. Kó jẹ́ kí ìlà ìsàlẹ̀ Windows máa fara pamọ́.

Àwọn kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tí àwọn tó ń polówó géèmù kì í rántí. Ní Ọ̀yọ́ ni Federal College of Education (Special), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò jẹ́ olùkọ́ fún ọmọ tí ojú, etí tàbí ara rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ríran díẹ̀, tó nílò lẹ́tà tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, funfun lórí dúdú tí kò ní eérú, tẹlifíṣọ̀n OLED lórí tábìlì lè ṣe é láǹfààní ju ẹnikẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ lọ. Ìwé kò sì ní dúró lójú kan bí orúkọ CNN, nítorí yóò máa yí i lọ bó ṣe ń kà á.

Láti 2023 ni mọ́nítọ̀ géèmù OLED oníńṣì 27 ti wà lọ́jà, oníńṣì 32 tó jẹ́ 4K tẹ̀ lé e ní 2024. Ó kúrò ní tẹlifíṣọ̀n, ó bá tábìlì mu, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Dell sì ń ṣe ìgbọ̀wọ́ (wọ́ránti) àpá fún ọdún mẹ́ta lórí Alienware wọn, ohun tí àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n kì í sábà ṣe. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú lẹ́yìn pípa wà lára wọn pẹ̀lú, ìṣòro iná wa sì kàn wọ́n bó ṣe kan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ìgbọ̀wọ́ ohun tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa rà ní ìgbẹ̀yìn, láti Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi OLED tòkunbọ̀ hàn yín, fíìmù òkun àti ẹyẹ aláwọ̀ mèremère ni wọ́n á tàn, nítorí pé àpá kì í hàn nínú ohun tó ń yí padà. Ẹ gbé àwòrán tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan lọ nínú fóònù yín tàbí lórí fláàṣì: eérú, pupa, aró, funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ wo igun òkè ọ̀tún àti òsì, ibẹ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti èsì bọ́ọ̀lù máa ń jókòó. Ẹ wo gbogbo ìsàlẹ̀, ibi tí ìròyìn ti ń sáré kọjá. Lórí pupa ni àpá sábà máa ń hàn jù. Bí ó bá jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé ìtajà tẹ́lẹ̀, wákàtí tó ti lò lè pọ̀ ju ti ilé lọ; nínú ètò ọ̀pọ̀ LG, ẹ lè rí àpapọ̀ wákàtí náà. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé kò sí iná láti fi dán an wò báyìí, pé kí ẹ san owó kí ẹ máa gbé e lọ, ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ dúró de iná.